Orí Kẹrin: Orúkọ Tí Afárá Ń Wá Kiri

Ìkìlọ̀ òkun ti há sójú ọ̀nà kí Ìbídùn tó dé ìdí rúta ńlá, ẹ̀rọ tó ń darí ohùn, tó wà lórí òkè Ìrágbìjí. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú tí iyanrìn kó sí. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀. Òpó ìmọ́lẹ̀ orí òkè Ìgbẹ́tì ń tàn bàìbàì ní apá àríwá bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, èyí tó sì kọjú sí Ẹ̀pẹ́ ní apá òkun kò sàn jù ú lọ. Láti ìgbà tí omi ti gbé àwọn wáyà abẹ́ ilẹ̀ mì, orí ìmọ́lẹ̀ yìí nìkan ni ohùn ń gbà láti òkè dé òkè. Bí eruku bá ti pọ̀ lójú ọ̀run, ọ̀nà náà á fún, gbogbo ohun tó fẹ́ kọjá á sì máa tò lẹ́yìn ara wọn bí àwọn tó wá pọn omi.

"Kí ló dí ọ̀nà?" Ọ̀gá Jìnádù bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ti fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé ẹnu àti imú nítorí eruku, ohùn rẹ̀ sì ń jáde bí ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò.

"Mò ń wò ó, sà."

"Wò ó kíá. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò tíì gbọ́ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn odi. Òkun kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o."

Ìbídùn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rúta náà. Àwọn orúkọ tó wà lójú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ilé tó ti wá àti ilé tó ń lọ. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ń lọ, àfi ẹyọ kan. Ìyẹn ń gba gbogbo ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń padà, ó tún ń jáde. Ìbídùn kò nílò kó kà á. Síbẹ̀ ó kà á. *Dúrósinmí. Ibi tó wà: a kò mọ̀.*

Ó ti ìpè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkìlọ̀ òkun kọjá. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń retí ohun tí Ẹ̀pẹ́ yóò wí. Nígbà tí ìdáhùn dé, ó ní àwọn ti ti ilẹ̀kùn odi, ṣùgbọ́n omi ti gun àtẹ̀gùn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kí ilẹ̀kùn tó padé. Àwọn olùkọ́ ti gbé àwọn ọmọ lé orí tábìlì. Kò sí ẹni tó kú.

Ọ̀gá Jìnádù tú gèlè kúrò lẹ́nu, ó jókòó.

"Ìpè ta ni?"

"Ti ilé wa ni, sà."

"Màmá ni."

"Àwọn ni, sà."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wọn kò lè mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀. Rúta tí a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, oníbodè ni. Á dá ọ̀rọ̀ dúró, á bi í ní ilé tó ti wá àti ilé tó ń lọ, á sì lé èyí tí òfin kò fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ afárá sínú rẹ̀, á gbà pé ilé tó wà ní Ìgbẹ́tì àti èyí tó wà ní Ẹ̀pẹ́, ojúlé kan náà ni, bí ẹni pé àgbàlá lásán ló wà láàárín wọn. Kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Á kàn máa tẹ́tí sí ońdè, ẹ̀rọ ìpè kékeré tó wà lọ́rùn oníkálukú, á mọ yàrá tí olúwarẹ̀ wà, bí wọ́n bá sì pè é, á gbé ìpè náà lọ bá a níbẹ̀. Ẹni tí ońdè rẹ̀ bá dákẹ́ pẹ́, afárá á gbàgbé ibi tó wà. Àmọ́ kò ní sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá tún pe ẹni náà, ṣe ni yóò máa wá a kiri. Á kan gbogbo ilẹ̀kùn inú ojúlé náà, ní gbogbo ìlú tí ojúlé náà dé, bóyá ẹnì kan á jẹ́ pé, èmi nìyí.

Dúrósinmí kò ní jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn ni. Ara odi òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì bá lọ nígbà tí apá kan odi ya lulẹ̀ láàárín òjò. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà ilé péjọ, wọ́n ní a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá, àti pé ìyá kì í mọ ojú sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ti gbé e wọ inú odi lọ́hùn-ún, níbi tí ońdè kì í ti í dún. Ìbídùn ló sọ ọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni ìyá náà ń pè é.

"Ìbídùn," Ọ̀gá Jìnádù wí, "mo ti fi ojú fo ọ̀rọ̀ yìí títí. Ṣùgbọ́n lónìí, orí tábìlì ni wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé. Ìwọ náà mọ ohun tí òfin wí."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí olórí ojúlé fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni yìí kò sí mọ́. Ìgbà náà la ó tó lè yọ orúkọ. Bí kò bá sọ ọ́, ká gé afárá."

"Màmá ni olórí ojúlé, sà. Wọn ò sì tíì gbọ́."

"Ṣé èmi ni ò mọ̀? Ilé Yorùbá kọ́ ni wọ́n bí mi sí ni?" Ó fi gèlè nu eruku ojú rẹ̀. "Bí a bá gé e, Màmá á máa gba ẹnu bodè bí àjèjì kó tó lè bá ọ sọ̀rọ̀, tàbí bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa bi wọ́n ní orúkọ àti ìdí tí wọ́n fi ń pè. Ní ọjọ́ orí wọn yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí o kò kúkú fi afohùnjọni sí i? Gbogbo ayé ló ń ṣe é, òfin ò sì kọ̀ ọ́. Bàbá mi tó ti kú ṣì ń bá mi wí nípa irùngbọ̀n mi láràárọ̀."

"Ṣé ó máa ń dùn mọ́ yín, sà?"

Ó rò ó wò. "Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọ́n máa ń sinmi láàárín."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti dán an wò. Ó ti kó gbogbo ohùn Dúrósinmí tó wà lọ́wọ́ fún ẹ̀rọ náà, ó ní kó kí Màmá. Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá mi," ó já gaara bí omi tó ń dà sínú agbada. Akólòlò ni Dúrósinmí. Láti ọmọdé ni *Màmá* ti máa ń há sí i lẹ́nu, ìyá rẹ̀ á sì dúró dè é, kò ní bá a sọ ọ́ parí, títí á fi jáde. Ẹ̀rọ náà ti bá a tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Ìbídùn pa á, kò sì tún ṣí i mọ́.

"Títí òwúrọ̀ ọ̀la," ni Ọ̀gá Jìnádù wí. "Lọ bá wọn lójúkojú. Èmi á jókòó tì í níbí."

Kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ okùn nígbà tí ońdè ọrùn rẹ̀ dún. Àṣàbí ni, ìyàwó Dúrósinmí, láti Ẹ̀pẹ́.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi," ó wí. Orúkọ tó fún Ìbídùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé nìyẹn, kò sì yí i padà. "Ẹ kú ọjọ́. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti ilé ìwé?"

"Mo gbọ́, ìyàwó wa. Ara àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbẹ. Màmá pè láàárọ̀ yìí kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé. Ìpè náà kan pálọ̀, ó kan ilé ìdáná, ó kan balùwẹ̀ pàápàá. Ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́."

"Mi ò bínú."

"Abọ́dúnrìn tún sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Mo ní kò sí ẹnìkankan. Ó ní bóyá lọ́tẹ̀ yìí bàbá òun kàn gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ni." Ìbídùn gbọ́ bó ṣe ń fa imú. "Èmi ò lè sọ pé kí Màmá má pe ọmọ wọn. Ta ni mí? Ṣùgbọ́n ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá jẹ́."

Ìbídùn ní òun á ṣe é. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ okùn, ọkọ̀ náà sì gbé e fò kọjá lórí àwọn igbó tó ti gbẹ.

Gbogbo ohun tí ojú ìdílé wọn ti rí, Ìbídùn kò gbàgbé ọ̀kan. Ó rántí òórùn tó wà lára omi tó kọ́kọ́ wọ ilé wọn ní etí òkun, pé epo kẹ́rosíìnì ni àti ẹja tó ti kú. Ó rántí pé Dúrósinmí pọ̀n ọ́n, omi sì dé àyà rẹ̀, àti pé ó ń gbìyànjú láti sọ fún un pé kó má bẹ̀rù ṣùgbọ́n *má* há sí i lẹ́nu, ó sì ń wí i bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ru ẹrù, wọ́n ru àpótí, ẹnì kan ru ewúrẹ́. Ilẹ̀kùn ni ìyá wọn rù. Ó tú ilẹ̀kùn ilé wọn kúrò lára ògiri, ó gbé e lé orí, ó ní ilé tí a bá rí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbé kò tíì bàjẹ́ tán. Ó rántí gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n sùn sí ní Ìṣẹ́yìn, pé ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n tẹ́ sùn lé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí simẹ́ńtì ilẹ̀ tutù. Nígbà tó di pé ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ rúta, Dúrósinmí ló máa ń dúró dè é níta kó má baà dá rìn. Òjò ń pa á nígbà mìíràn. Kò wí nǹkan kan.

Ilẹ̀kùn náà ló wà lára ilé ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì títí di òní, rúta ojúlé sì wà lórí àtẹ́rígbà rẹ̀.

Ìyá Sàfù, tí ilé tirẹ̀ fi ara kan tiwọn, ló kọ́kọ́ rí i. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ òkè! Ìwọ tí ò ń gbé nínú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ, kí ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí?"

"Ẹ kú ilé o, mà. Ọyẹ́ ló gbé mi wá."

"Ọyẹ́ mà ṣe dáadáa. Ó gba ètè mi, ó gbé ìwọ wá." Ó kọjú sí inú ilé, ó ké rara. "Ìyá Dú… Ìyá Ìbídùn! Ẹ jáde o, àlejò yín dé!"

Ìyá náà kò jáde. Inú àgbàlá ni Ìbídùn ti bá a, ó jókòó ti igbá ńlá kan, ó ń po òrí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Rárá, mà. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

"Ní ọjọ́ iṣẹ́. Nínú ọyẹ́." Ó ń po òrí rẹ̀ lọ. "Dìde, ilẹ̀ tutù. Ṣé o jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ nìyẹn. Ẹ̀bà wà nínú abọ́, jẹ ẹ́ tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Ìbídùn ti múra fún ìbéèrè náà láti Ìrágbìjí, síbẹ̀ ó bá a lójijì. "Wọ́n ṣì wà nínú odi, mà."

"Ṣé odi náà kò ní fèrèsé ni?"

"Kò ní, mà."

"Odi tí kò ní fèrèsé," ìyá náà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tún orúkọ ìlú tí kò dé rí pè. Ó da omi díẹ̀ sínú igbá.

Ìbídùn jókòó lórí àpótí. Ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: *Màmá, Dúrósinmí ti lọ.* Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀, ó sì ń rí i bí ọwọ́ funfun yẹn ṣe máa dúró nínú igbá, tí kò sì ní tún po òrí mọ́. Ìyá yìí ti bí ọmọ kí ó tó bí Dúrósinmí, wọn kò dúró. Èyí tó wá dúró ló sọ ní orúkọ tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kó sin òun. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí Ìbídùn bá sọ̀rọ̀ náà, ohun tó ń sọ ni pé ìyá rẹ̀ kò bí Dúrósinmí.

"Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ èyí tó lè dúró, jẹ́ kó dúró. Òrí yìí ti fẹ́ dì."

"Kò lè dúró, mà. Nípa ìpè tí ẹ máa ń pè láràárọ̀ ni. Ó ń dí ọ̀nà."

"Ọ̀nà ta?"

"Ọ̀nà àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Ìkìlọ̀ wọn pẹ́ kó tó dé láàárọ̀ yìí. Omi wọ ilé ìwé."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. "Ọmọ kankan?"

"Rárá, mà."

"Ọmọ kankan kò bómi lọ?"

"Kò sí, mà. Abọ́dúnrìn náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé wọn lé orí tábìlì."

"A dúpẹ́." Ó pẹ́ tó fi ń wo inú igbá. Òrí náà ti ń dì mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì kà á sí. "Kí ni wọ́n wá ní kí n ṣe?"

"Wọ́n ní kí olórí ojúlé sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ìbídùn la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ nìkan ló wọ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ojú náà kò le, kò sì rọ̀, ó kàn ń dúró dè é, bó ṣe máa ń dúró de Dúrósinmí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há sí i lẹ́nu.

"Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mà," ni Ìbídùn rí sọ.

"Bó bá wúwo, má gbé e lé arúgbó lórí." Ìyá náà fi ewé nu ọwọ́ rẹ̀, ó di orókùn mú, ó dìde. "Mò ń lọ pọn omi lọ́dọ̀ Ìyá Sàfù. Mo máa pẹ́ o. Iṣẹ́ tó o bá wá ṣe, ṣe é."

Ó gbé garawa, ó jáde. Ìgbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ tán ni Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kún dé ẹnu.

Ó gbé àpótí sí abẹ́ àtẹ́rígbà, ó gun orí rẹ̀, ó ṣí rúta náà. Ọ̀rá òrí àti èéfín ti bò ó. Ó fi etí aṣọ nù ún. Ó wá orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i, ó sì wà bó ṣe wà lórí òkè: *a kò mọ̀*. Ohun mẹ́ta lèèyàn lè ṣe sí i. Ó lè gé afárá. Ó lè yọ orúkọ kúrò, rúta á sì ní kí olórí ojúlé wá sọ̀rọ̀. Tàbí kó di orúkọ náà mọ́ ẹnu ọ̀nà kan pàtó, kí afárá má baà wá a kiri mọ́, kó máa gbé gbogbo ìpè rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Àwọn aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí fún, àti ọmọ tuntun. Ẹni tó bá di orúkọ mọ́ ibi tí olórúkọ kò sí, kò ní fọwọ́ kan rúta mọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún Ìbídùn ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni wọ́n ti mú un búra, Dúrósinmí sì jókòó sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ kó ti pàtẹ́wọ́.

Ó mú ońdè ọrùn rẹ̀, ó fi kan ara rúta náà.

"Ẹnu ọ̀nà ta nìyí?" rúta bi í. Ohùn obìnrin ni, kò gbóná, kò tutù.

"Ìbídùn."

"Ṣé ẹnu ọ̀nà yìí ni Dúrósinmí wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló jẹ́rìí sí i?"

"Àbúrò rẹ̀."

Iná rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé. "Ó dáa," rúta wí. "A ti rí Dúrósinmí."

Ìbídùn kò mọ̀ pé bó ṣe máa wí i nìyẹn. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò fetí sílẹ̀ rí. Ó di ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn tí wọ́n jọ sùn lé, ó sì gbé iwájú orí rẹ̀ lé e.

Ìyá rẹ̀ padà dé pẹ̀lú garawa tí omi inú rẹ̀ kò tó ìlàjì. Kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó bu òrí sínú ike fún un, ó ní kó máa fi pa ẹsẹ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀nà mọ́. Eruku kò dín kù, ṣùgbọ́n ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, kò sí èyí tó há. Ọ̀gá Jìnádù dúró ti rúta ńlá, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó já gaara," ó wí. "Ṣé Màmá sọ ọ́?"

Ìbídùn kò tíì dáhùn nígbà tí ońdè ọrùn rẹ̀ dún. *Kó, kó, kó.* Orúkọ tó yọ lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀gá Jìnádù rí orúkọ náà. Ó wo Ìbídùn, ó wo rúta, ó tún wo ońdè náà. Ó mú gèlè ìyàwó rẹ̀ láti orí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ ẹnu.

"Mò ń lọ wo ìdí òpó," ó wí nínú gèlè. "Eruku yìí ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan láti àárọ̀." Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Dúrósinmí," ohùn ìyá rẹ̀ wí láti Ìgbẹ́tì. "Àjàgbé. Ọmọ tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tó jókòó."

Ó dákẹ́, ó ń retí. Bí afárá bá ń wá ènìyàn, ẹni tó ń pè máa ń gbọ́ gbogbo ilẹ̀kùn tí ìpè rẹ̀ ń kàn àti ohun tó ń lọ nídìí wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí dé èyí tó jìnnà jù. Lónìí ẹyọ kan ló gbọ́.

"Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo," ìyá náà wí. "Ìwọ tó wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ èémí rẹ."

Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Má dá mi lóhùn o. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Ìbídùn. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Èmi náà ò bi wọ́n. Bí o bá dáhùn, a jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún mi nìyẹn, ara mi ò sì le tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n ṣì máa wà láìgbọ́." Ìró kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń po nǹkan nínú igbá. "Mi ò sọ pé o ṣe ohun tí kò dáa. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ bómi lọ nítorí tèmi. Ohun kan péré ló dùn mí."

Ó dúró. Ìbídùn dúró dè é, kò bá a sọ ọ́ parí.

"Bí mo bá ti ń pè é tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ń sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ lásán. Bó ṣe ń gbé e, tó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sáré gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Ìyẹn ni mò ń pè. Èmi náà mọ̀ pé ẹni tí mo dárúkọ kò ní jẹ́ mi." Ohùn rẹ̀ fẹ́ já, ó mú un padà. "Kò burú. Ọmọdé náà yẹ kó sinmi."

Ìpè náà kò tíì kú. Ìyá náà wà lórí rẹ̀, ó ń po òrí rẹ̀.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ tòsì. Simẹ́ńtì ilẹ̀ tutù bí ti Ìṣẹ́yìn. Ó rìn lọ dé ògiri tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ, ó yíjú padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹnu ara rẹ̀ mú kí ohùn kankan má baà jáde. Lẹ́yìn náà ó sáré, ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ọyẹ́ nìkan ló wà níta. Ní ọ̀nà jíjìn, òpó Ìgbẹ́tì ń tàn bàìbàì.

Ìró ọwọ́ nínú igbá ti dáwọ́ dúró. Ohùn ìyá náà tún wá, ó rọlẹ̀ gan-an.

"Dúrósinmí," ó wí.

Ìbídùn pa ilẹ̀kùn, ó padà sí ìdí ògiri.